Orúkọ Ọmọ Mi Lẹ́nu Àwọn Ọlọ́kadà

Ajé, 3 Bélú

Alága Ìtẹ́olúwa wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù lónìí. Kò ra owú, kò ra bọ́tìnì, ó kàn jókòó lórí àga oníbàárà, ó ń fi fìlà fẹ́ ara rẹ̀. Mo ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ wà nílẹ̀. Ọkùnrin yẹn kì í jókòó lásán. Láti ìgbà tí wọ́n ti fi í ṣe alága àwọn onílé àdúgbò wa, bí kò bá gba owó iná, á gba owó gọ́tà.

"Ìyá Ruqoyah," ó ní, "ìjọba ìbílẹ̀ ti gbà pé ká sọ títì wa tuntun lórúkọ. Gbogbo wa pàdé lánàá, a sì fẹnu kò. Orúkọ ọmọ yín la fẹ́ sọ ọ́. Títì Sírájúdéènì Ọ̀ṣìnúbí."

Mò ń ka síìpù lọ́wọ́. Mo gbàgbé ibi tí mo kà á dé.

Ó ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù Ṣẹ́rẹ́ ni wọ́n máa ṣí bọ́ọ̀dù náà, ọjọ́ tí wọ́n máa ń rántí àwọn sójà tó kú sójú ogun, pé ẹnu àwa òbí nìkan ni wọ́n ń dúró dè. Mo ní kó jẹ́ kí n bá bàbá rẹ̀ sọ ọ́. Nígbà tó lọ tán, mi ò lè jókòó mọ́. Mo ti ṣọ́ọ̀bù ní ọ̀sán gangan, mo rìn dé abẹ́ bíríìjì Sango, mo ra ata rodo tí mi ò nílò. Ata ti di wúrà báyìí.

Ìyá Ruqoyah! Kí n kọ èyí sílẹ̀, torí ó ń bí mi nínú. Láti ọjọ́ tí mo ti bí àkọ́bí mi, Ìyá Sírájù ni gbogbo Oju Ore ń pè mí. Lọ́dún tó kọjá, ìròyìn dé pé wọ́n yìnbọn lu ọkọ̀ òfurufú rẹ̀ lójú ogun lókè ọya, pé ó já, ó sì ti kú. Kò sẹ́ni tó pe ìpàdé, kò sẹ́ni tó kéde nǹkan kan, ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, wọ́n fi orúkọ àbúrò rẹ̀ rọ́pò tirẹ̀, mo di Ìyá Ruqoyah lẹ́nu gbogbo wọn. Mo mọ̀ pé àánú mi ló ń ṣe wọ́n. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ṣe é, èmi náà ti ṣe é fún ẹlòmíràn rí. Àmọ́ ṣe ló dà bíi pé wọ́n bọ́ aṣọ lára mi láàárín ọjà.

Ọjọ́rú, 5 Bélú

Mo sọ fún Bàbá Sírájù. (Nínú ìwé tèmi, ohun tó bá wù mí ni màá pè é. Létí rẹ̀, Bàbá Ruqoyah ni.) Ó ń tún ẹ̀rọ ìránṣọ kan ṣe níwájú ṣọ́ọ̀bù mi, níbi tó ti ń ṣiṣẹ́ láti ìgbà tí iléeṣẹ́ aṣọ tó ti ń ṣe mẹkáníìkì ti kógbá sílé. Kò gbé orí sókè.

"Òkú ọ̀fọ̀ ni," ó ní. "A kì í ṣe ayẹyẹ òkú ọ̀fọ̀."

"Kì í ṣe ayẹyẹ. Bọ́ọ̀dù ni."

"Ọmọ tó kú lójú ayé bàbá rẹ̀, wọn kì í pe orúkọ rẹ̀ létí bàbá. Ìwọ wá fẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sí ẹnu ọ̀nà mi."

Ó kó irinṣẹ́ rẹ̀, ó wọlé. Kò jẹun alẹ́. Mo jẹ tèmi, mo sì jẹ tirẹ̀ mọ́ ọn, inú ń bí mi.

Láti ìgbà tí ìròyìn ikú náà ti dé, kò tí ì pe orúkọ ọmọ náà lẹ́ẹ̀kan. "Ọmọ yẹn" ló máa ń wí, nígbà tó bá tilẹ̀ wí i rárá.

Jímọ̀, 7 Bélú

Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, mo dúró de Álúfà Ìbráhìm lẹ́nu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí, mo bi wọ́n bóyá ẹ̀sìn kọ̀ ọ́. Wọ́n ní, "Kò sí èèwọ̀ níbẹ̀, Àlájà, bí ẹ ò bá ti lọ ń bọ bọ́ọ̀dù." Mo sáré délé bí ẹni tó jẹ tẹ́tẹ́.

Bàbá Sírájù ní, "Ta ló ń bá ọ sọ̀rọ̀ ẹ̀sìn? Ọ̀rọ̀ àṣà là ń sọ."

Lọ́jọ́ mìíràn tí mo bá ní àṣà ni nǹkan, á ní Mùsùlùmí ni wá. Ọkùnrin!

Ìṣẹ́gun, 11 Bélú

Owó owú tún ti gbẹ́sẹ̀ sókè. Àwọn aránṣọ ń bú mi bí ẹni pé èmi ni mò ń ṣe é. Mi ò sùn dáadáa. Mo ní ẹ̀fọn ni. Kì í ṣe ẹ̀fọn.

Àìkú, 16 Bélú

Wọ́n pè wá sí Itele, ilé Àlájì Fàlílù, ẹ̀gbọ́n Bàbá Sírájù. Mo ti mọ̀ pé ọkọ mi ti lọ fẹjọ́ mi sùn. Wọ́n gbé míníráàsì fún mi, mi ò fọwọ́ kàn án.

"Mùíbátù," Àlájì ní, "òbí kì í mọ sàréè ọmọ rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀yin méjèèjì ò fi bá mi lọ sí Àbújá nígbà tí àwọn ológun ń sin ín. Ìwọ wá fẹ́ kí wọ́n gbé e wá síbi tí wàá ti máa rí i láràárọ̀?"

Mo ní, "Àlájì, ẹ̀yin lẹ rí sàréè náà. Ó ti lé lọ́dún kan báyìí. Ẹ ò tí ì sọ fún mi bó ṣe rí."

Bàbá Sírájù ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀.

"Òkúta funfun ni," Àlájì wí nígbẹ̀yìn, ohùn wọn ti rọ̀. "Wọ́n tò wọ́n lọ rẹrẹẹrẹ. Gbogbo wọn ló jọra, Mùíbátù. Bí mo bá padà débẹ̀ lónìí, màá wá a kí n tó rí i."

"Ìdí tí mo fi fẹ́ bọ́ọ̀dù nìyẹn," mo ní, mo sì bú sẹ́kún. Mi ò sunkún lójú wọn rí, kódà lọ́jọ́ tí ìròyìn dé. Ìyàwó Àlájì dì mí mú, ó ń pè mí ní Ìyá Ruqoyah, Ìyá Ruqoyah, títí mo fi já ara mi gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

Kò yí nǹkan kan padà. Nígbà tí à ń bọ̀, Bàbá Sírájù jókòó síwájú ọkọ̀, èmi jókòó sẹ́yìn.

Ajé, 24 Bélú

Alága padà wá gbọ́ èsì. Bàbá Sírájù wà níbẹ̀, ó ń rọ epo sí ẹ̀rọ. Alága kí i dáadáa, ó ní, "Bàbá, kí lẹ wí sí i?"

"Ẹ bi ìyá ọmọ."

Mo ní, "Ẹ kọ ọ́."

Ọkọ mi gbójú sókè wò mí. Ó ní, "Ó dáa. Ọjọ́ tí bọ́ọ̀dù yẹn bá dúró, èmi ò gbé àdúgbò yìí mọ́. Màá lọ máa bá ẹ̀gbọ́n mi gbé."

Alága ń wò wá bí ẹni tó ṣèèṣì já wọ yàrá tọkọtaya. Mo ní kí wọ́n máa bá iṣẹ́ wọn lọ. Ẹnu lásán ni, mo mọ ọkọ mi. Ó wí bẹ́ẹ̀ nígbà tí mo ra tẹlifíṣọ̀n, òun ló sì ń wò ó jù.

Ọjọ́bọ, 4 Ọ̀pẹ

Ọyẹ́ ti dé, ètè gbogbo ayé ti là. Èéfín àwọn iléeṣẹ́ ò rí ibi gbà lọ, ó kàn dúró lórí wa. Ọkọ̀ òfurufú kan kọjá ní ìrọ̀lẹ́, ó ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Ìkẹjà. Bàbá Sírájù dìde, ó wọlé. Bó ṣe ń ṣe nìyẹn báyìí. Èmi dúró wò ó títí tí mi ò fi rí i mọ́.

Rose, tó ń ta bàtà ọmọdé lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, bi mí bóyá ọmọ náà ò bẹ̀rù òkè rárá. Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní ohun kan ṣoṣo tí Sírájù ń bẹ̀rù láyé ni ọ̀kadà. Nígbà tó ti di awakọ̀ òfurufú tán, tó wá fi ìsinmi kí wa, láti Sango ló ti fẹsẹ̀ rìn wálé, báàgì lórí, òógùn bò ó. Ó ní òun ò lè fi ẹ̀mí òun lé àwọn wèrè yẹn lọ́wọ́.

Rose rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Na wa o! Person wey dey drive aeroplane!"

Lẹ́yìn náà ó nu ojú, ó padà sídìí bàtà rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni Sírájù nígbà tó kú. Ọ̀gá rẹ̀ tó wá kí wa sọ fún wa pé ó ti ṣe iṣẹ́ tirẹ̀ tán lọ́jọ́ yẹn, ó yẹ kó máa padà bọ̀. Ṣùgbọ́n àwọn sójà kan wà nílẹ̀ tí ọ̀tá ká mọ́ inú igbó, ó sì ṣẹ́rí padà kí àwọn ọ̀tá lè gbójú sókè, kí àwọn ọmọ yẹn ríbi sá gbà. Wọ́n gbójú sókè lóòótọ́. Ìbọn wọn bà á. Àwọn sójà yẹn sá àsálà. Èmi a máa rò ó pé ìyá kálukú wọn ṣì ń jẹ́ orúkọ tó ń jẹ́ tẹ́lẹ̀.

Àbámẹ́ta, 13 Ọ̀pẹ

Àpọ́nlé, ẹni tí wọ́n gbé iṣẹ́ bọ́ọ̀dù fún, mú àpẹẹrẹ wá. Ọwọ́ rẹ̀ dára, kí n má purọ́. Ṣùgbọ́n pátákó òkú ló ń ṣe lójoojúmọ́ ní Sango, ọwọ́ náà ò sì mọ nǹkan mìíràn mọ́. Ó kọ "Olóògbé" síwájú orúkọ. Ó ya àbẹ́là méjì tó ń jó, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Nísàlẹ̀ ó kọ "Sùn un re o".

"Àpọ́nlé," mo ní, "ṣé Olóògbé ni àwọn ọlọ́kadà á máa pariwo ni?"

"Bá a ṣe ń kọ ọ́ nìyẹn, Màmá."

"Fún ìsìnkú! O ti rí ẹni tí àdírẹ́sì rẹ̀ jẹ́ Títì Olóògbé rí? Àbẹ́là, ọmọ Mùsùlùmí!"

Ó họ orí. Ó ronú. Ó ní, "Ṣé kí n wá fi gílóòbù iná sí i?"

Rose fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú lórí àga. Èmi náà, mi ò lè gbà á mọ́ra. Bàbá Sírájù kọ ẹ̀yìn sí wa lórí iṣẹ́ rẹ̀, mo sì rí i tí èjìká rẹ̀ ń mì. Mo bi í léèrè. Ó ní ikọ́ ni.

Ikọ́ burúkú nìyẹn. Inú mi dùn títí di alẹ́.

Àìkú, 21 Ọ̀pẹ

Ruqoyah pè láti Abẹ́òkúta. Bàbá rẹ̀ ti pè é kí n tó gbọ́. Ó ní, "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀dù yìí sílẹ̀. Ẹ̀yin méjèèjì nìkan ló kù mí kù."

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé. Mo sọ ti orúkọ tí wọ́n gbà lọ́wọ́ mi. Ó wá ní, "Ṣé orúkọ tèmi ò dùn létí yín ni?"

Mo ní kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Mo tún un wí. Ó ní kò burú. Mo mọ ìgbà tí ọmọ mi bá ń sọ pé kò burú nígbà tó burú. Mo ti gbìyànjú láti pè é padà láti ìrọ̀lẹ́, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò gbà. Ọ̀rọ̀ yìí ti fẹ́ sọ mí di ìyá ẹni tó kú nìkan, bẹ́ẹ̀ mo ṣì ní èyí tó wà láàyè.

Ajé, 22 Ọ̀pẹ

Mo rí Ruqoyah bá sọ̀rọ̀. Mo bẹ̀ ẹ́. Ó ní, "Ẹ gbé bọ́ọ̀dù yín, Mọ́mì, ẹ ṣáà má lé dádì mi lọ." Àwa méjèèjì rẹ́rìn-ín, a sì tún sunkún díẹ̀.

Ọjọ́bọ, 1 Ṣẹ́rẹ́

Ọdún tuntun. Àwọn ọmọ àdúgbò ń yin báńgà láti àárọ̀. Bàbá Sírájù ti ara rẹ̀ mọ́lé, ó ní orí ń fọ́ òun.

Ọjọ́rú, 14 Ṣẹ́rẹ́

Kì í ṣe ẹnu lásán.

Ó kó àwọn irinṣẹ́ rẹ̀ sínú àpò sìmẹ́ńtì, ó ká aṣọ díẹ̀. Kò bínú, ìyẹn ló pa mí lára jù. Mo dúró sẹ́nu ọ̀nà. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́." Mi ò bẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀ rí láti ìgbà tó ti fẹ́ mi.

"Sọ fún wọn kí wọ́n dá a dúró."

Mo yẹ̀ kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Lẹ́yìn náà ó gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá, ó lọ.

Ọjọ́bọ, 15 Ṣẹ́rẹ́

Mo débẹ̀ kí Alága tó dé. Wọ́n ti ri bọ́ọ̀dù mọ́lẹ̀ lẹ́bàá mọ́ṣáláṣí, aṣọ aláwọ̀ ewé bò ó. Àwọn ọmọ iléèwé tò sápá kan. Àwọn sójà méjì tó ti fẹ̀yìn tì wá pẹ̀lú mẹ́dàlì láyà, ọ̀kan ń tọ̀pá. Mo gbọ́ tí ìyá àgbà kan ń wí lẹ́yìn mi pé, "Ìyá ọmọ fúnra rẹ̀!" Mo yíjú sí wọn, mo ní, "Èmi fúnra mi ni o. Ẹ káàárọ̀ mà."

Alága sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ náà gùn. Ó sọ̀rọ̀ owó gọ́tà níbẹ̀ náà, ojú ò tilẹ̀ tì í. Nígbà tí wọ́n fa aṣọ, ó há, Àpọ́nlé ní láti gun àkàbà lọ já a. Orúkọ náà wá yọ, funfun lórí búlúù. Kò sí àbẹ́là. Àwọn sójà àgbà yẹn na ọwọ́ sí orí, èyí tó ń tọ̀pá gbé ọ̀pá rẹ̀ sílẹ̀ kó lè nà án dáadáa.

Rose sun ẹkún tirẹ̀, ó sì sun tèmi. Èmi ò sunkún. Ọ̀nà ilé wa ni mò ń wò, bóyá yóò yọ. Kò yọ.

Ajé, 19 Ṣẹ́rẹ́

Orúkọ náà gùn jù fún Oju Ore. Àwọn ọlọ́kadà ti gé e kúrú: "Sírájù! Sírájù kan! Ó ku ẹnì kan, à ń lọ!" Inú mi dùn débi pé mo ń lọ sí ìkóríta láìsí ohun tí mo fẹ́ rà. Mo kàn dúró tì wọ́n. Ọ̀kan ní, "Màmá, Sírájù ni?" Mo ní rárá, mò ń gba afẹ́fẹ́ ni. Ó wo eruku tó bo gbogbo wa, ó ní, "Afẹ́fẹ́ wo?"

Sírájù mi tí kì í gun ọ̀kadà, òun ni wọ́n ń fi gbogbo ẹnu pè láti òwúrọ̀ di alẹ́! Mo fẹ́ sọ fún ẹnì kan nílé. Kò sẹ́nì kankan nílé.

Ìṣẹ́gun, 27 Ṣẹ́rẹ́

Wọ́n ń pè é jù.

Bí wọ́n bá ti pè é, ọrùn mi á yí. Mo mọ̀ pé kò sẹ́ni tó ń bọ̀, ṣùgbọ́n ọrùn mi ò mọ̀. Mò ń tú owú fún oníbàárà lónìí, wọ́n pè é, mo yí ọrùn, mo jẹ́ kí owú já bọ́ sínú gọ́tà. Mi ò lọ sí ìkóríta mọ́. Mo ti ń gba ẹ̀yìn ọjà lọ sílé.

Àwọn aránṣọ ń béèrè pé, "Bàbá mẹkáníìkì dà?" Mo ní ó rìnrìn àjò. Epo ẹ̀rọ rẹ̀ ṣì wà nílẹ̀ níbi tó máa ń jókòó sí.

Àbámẹ́ta, 31 Ṣẹ́rẹ́

Mo bá ọlọ́kadà jà. Ojú ń tì mí bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí. Ọmọkùnrin náà kàn ń sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni pé òun ò lọ Sírájù mọ́, pé Sírájù ò dáa, kòtò ló kún un. Kí n tó mọ̀, mo ti di ọrùn ẹ̀wù rẹ̀ mú. "Ta ni ò dáa? Ta lò ń pè ní kò dáa?"

"Màmá, títì ni mo ní o," ó ń wí, ó ń wo gbogbo èèyàn bí ẹni tó fẹ́ kí wọ́n gba òun.

Rose ló fà mí kúrò. "Mama, abeg, leave am. E no know." Inú ṣọ́ọ̀bù ni mo ti sun gbogbo ẹkún tí mi ò sun lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí bọ́ọ̀dù.

Ọkọ mi ti mọ̀ pé bó ṣe máa rí nìyí. Ó mọ̀ ọ́n láti ìbẹ̀rẹ̀, mo sì fi agídí lé e jáde nílé rẹ̀.

Jímọ̀, 6 Èrèlé

Mo lọ bá Alága. Mo ní kí wọ́n yọ bọ́ọ̀dù náà.

Ó dìde dúró. "Màmá! Ìjọba ìbílẹ̀ ti kọ ọ́ sílẹ̀!"

"Kí wọ́n pa á rẹ́. Ààwẹ̀ ti sún mọ́lé, mi ò lè máa dá jẹ sààrì."

Ó bẹ̀ mí, mi ò gbọ́. Ó bínú, mi ò gbọ́. Ó wá mí kanlẹ̀, ó ní Àpọ́nlé á wá yọ ọ́ lọ́jọ́ Ajé. Mo dúpẹ́. Mo rò pé ara máa tù mí. Kò tù mí. Mo gbá ilé lẹ́ẹ̀mejì.

Àìkú, 8 Èrèlé

Mo lọ sí Itele. Àlájì Fàlílù ò sí nílé, ìyàwó wọn ló ṣílẹ̀kùn fún mi. Ó ní, "O ṣeun tó o wá. Kó jẹun ti di ogun." Mo bá a lẹ́yìnkùlé lórí bẹ́ǹṣì, àpò irinṣẹ́ rẹ̀ wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, kò tilẹ̀ tú u. Ó ti rù. Mo kúnlẹ̀ kí i. Ó ní kí n dìde, pé ilẹ̀ tutù.

"Ẹ máa bọ̀ nílé," mo ní. "Mo ti ní kí wọ́n yọ ọ́. Lọ́la ni Àpọ́nlé ń bọ̀. Ẹ̀yin lẹ jàre."

Mo ti múra sílẹ̀ kó ní, "Ṣé mo sọ fún ọ?" Mo ti pinnu pé mi ò ní fèsì. Kò wí i. Ó ń wo odi iwájú rẹ̀. Ó wá ní, "Báwo ni wọ́n ṣe ń pè é?"

"Pe kí ni?"

"Orúkọ náà. Àwọn ọlọ́kadà."

Mo ní wọ́n ti gé e kúrú. Ó ní kí n pè é bí wọ́n ṣe ń pè é gan-an. Mo wẹ̀yìn, kí ìyàwó Àlájì má baà rò pé orí mi ti dàrú, mo wá ké e jáde: "Sírájù! Sírájù kan! Ó ku ẹnì kan, à ń lọ!"

Ó rẹ́rìn-ín. Wàláì, ó rẹ́rìn-ín. "Ọ̀kadà," ó ní. "Ọmọ yẹn tó..." Kò lè parí rẹ̀. Ó fọwọ́ bojú, èjìká rẹ̀ ń mì, kì í sì í ṣe ẹ̀rín mọ́. Mo jókòó tì í, mo di apá rẹ̀ mú. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí i tó sunkún lórí ọmọ náà nìyẹn.

Nígbà tó lè sọ̀rọ̀, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi kìlọ̀ fún gbogbo ilé yìí kí wọ́n má pe orúkọ rẹ̀ létí mi. Wọn ò pè é. Àwọn ọmọdé pàápàá, wọ́n gbọ́ràn. Láràárọ̀ ni mò ń dúró kí ẹnì kan ṣèèṣì pè é. Ẹ̀rù ń bà mí níbí, Mùíbátù."

"Ẹ̀rù kí ni?"

"Pé bí wọ́n ṣe ń gbàgbé èèyàn nìyí, mo sì jókòó sáàárín wọn."

Mo ní, "Ó ń dun èmi náà bí wọ́n bá ti ń pè é. Mi ò lè gba ìkóríta kọjá mọ́."

"Jẹ́ kó máa dùn wá. Má jẹ́ kí wọ́n yọ ọ́."

Mo pe Alága níbẹ̀. Mo ní kí wọ́n má yọ bọ́ọ̀dù mọ́. "Ẹ̀yin Màmá yìí!" ó pariwo, mo ní láti gbé fóònù jìnnà sétí. "Mo ti sanwó fún Àpọ́nlé!" Mo ní kí Àpọ́nlé fi jẹun. Ìyàwó Àlájì gbé ìrẹsì wá, ọkọ mi sì jẹ ẹ́ tán kí a tó dìde. Ó kó aṣọ rẹ̀. Ó gbé àpò irinṣẹ́, kò jẹ́ kí n bá òun gbé e.

Onímàrúwá tó dúró fún wa ní ìkóríta Itele ń jẹ gúgúrú. "Oju Ore, apá ibo, Bàbá?"

Mo mọ̀ọ́mọ̀ dákẹ́. Bàbá Sírájù húkọ́ díẹ̀. Ó gbé àpò náà bọ́ sí ọwọ́ kejì.

"Títì Sírájúdéènì Ọ̀ṣìnúbí."

"Ibo nìyẹn?"

"Títì tuntun, lẹ́bàá mọ́ṣáláṣí."

"Ṣebí Sírájù nìyẹn! Ẹ bá ti wí bẹ́ẹ̀. Ta ló tiẹ̀ ń jẹ́ gbogbo orúkọ gígùn yẹn ná?"

"Ọmọ mi ni," ó ní, ó sì wọlé jókòó.